Ìjókòó Súéèdì àti Ọ̀nà Ìjọra

Ìpọ̀nrí,
Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tí o bá rí bébà yìí. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí, pàápàá láti Ìpọ̀nrí sí Yaba? Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé fóònù láti pè ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ojú yẹn gan-an ni mi ò lè wò. Mo bá ra ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àga mọ́tò tí ẹnì kan kò wá gbé mọ́. Jọ̀ọ́, má ka lẹ́tà yìí níbi iṣẹ́. Dúró di ìgbà tí o bá délé, kí o jókòó.

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá. O ní ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ, nínú mọ́tò tí ìwọ àti Túndé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lẹ́yìn ìgbéyàwó yín. O ní ìgò sóbò bọ́ lọ́wọ́ màmá, ó dà sórí ìjókòó súéèdì. O ní bí o ṣe rí pupa yẹn báyìí, o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, o ní kí màmá sọ̀ kalẹ̀, o ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dúró sínú oòrùn pẹ̀lú báàgì lápá, ìwọ ń fi aṣọ funfun tẹ ìjókòó. Lẹ́yìn náà lo wá bú sẹ́rìn-ín, o ní, "Dádì, bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é o! Ó kù díẹ̀ tó ṣì ń hàn. Kí ni kí n fi sí i? Ẹ kúkú wá bá mi wò ó ní Sátidé."

Bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Màá dá ọ lóhùn lórí ohun tí o bi mí. Iṣẹ́ mi ni, mi ò sì mọ iṣẹ́ míì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí máa kọjá ọ̀rọ̀ sóbò. Ní sùúrù fún mi, àgbàlagbà tó fẹ́ jẹ́wọ́ kì í mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọlé.

Èkíní. Má fọ súéèdì láéláé. Kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe awọ dídán tí èèyàn lè nù bí àwo. Awọ tí wọ́n ha títí tó fi hu irun múlọ́múlọ́ ni, bí ẹ̀yìn etí ọmọ ewúrẹ́. Omi àti ọṣẹ ọ̀tá rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ìjókòó mọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlámì ní Mushin. Olóríkunkun ni mí, mo rò pé ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí ń jẹ́, ọṣẹ sì ni ọṣẹ. Wọ́n gbé àga mọ́tò ìyáàfin kan wá, súéèdì aláwọ̀ ilẹ̀, inki ti ta sí i. Ọ̀gá ní kí n tọ́jú rẹ̀, wọ́n jáde lọ. Mo pọ́n omi, mo ho ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ gbo ó bí ẹni ń fọ ṣòkòtò mẹkáníìkì, mo sì sá a sóòrùn. Nígbà tí Ọ̀gá dé, àga yẹn ti gan bí pánla. O ò lè fi ìdí kàn án.

Ọ̀gá Sàlámì ò nà mí. Wọ́n fọwọ́ kan àga náà, wọ́n ní, "Ìwọ Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló ní kó o fọ̀ ọ́? Ṣebí títọ́jú ni mo ní kó o tọ́jú ẹ̀." Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọn kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó ni ín. Kì í ṣe Ọ̀gá. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ru àga yẹn sórí láti Mushin lọ sílé ìyáàfin náà ní Surulere, tí mo dọ̀bálẹ̀ lójúde, tí mo ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́, mà." Ó bú mi, ó bú ìdílé mi, ó bú Ògbómọ̀ṣọ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo ń padà lọ, ara mi fúyẹ́ débi pé mo ń súfèé. Mo rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Mi ò tí ì kọ́ nǹkan kan.

Èkejì. Tẹ̀ ẹ́, má ra á. Nǹkan tó bá dà, aṣọ funfun gbígbẹ ni kí o fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kó mu omi rẹ̀. Tí o bá ra á, o ti ti àbàwọ́n wọ inú irun nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ní ti sóbò rẹ, jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá nínú atẹ́gùn, kì í ṣe nínú oòrùn, má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ sí i. Tó bá gbẹ, fi írésà funfun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò pa á lọ pa á bọ̀, kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kán fínígà díẹ̀ sára aṣọ, sára aṣọ o, kì í ṣe sára ìjókòó, kí o fi tẹ̀ ẹ́. Tó bá tún gbẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì gbé irun rẹ̀ dìde, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o máa gbá a sí. Á lọ. Mo fi dá ọ lójú. Kò sí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ wá ní Sátidé nítorí sóbò.

Ẹ̀kẹta. Tó bá jẹ́ epo ni, ìyẹn ò fẹ́ omi rárá. Fi ṣíbí ha èyí tó wà lókè, fi aṣọ tẹ èyí tó rọ̀, kí o da páúdà bò ó. Páúdà ọmọdé yẹn náà ni. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀. Páúdà gbọ́dọ̀ jókòó kó tó fa epo jáde. Ẹni tó bá kánjú gbọ̀n ọ́n kúrò, asán ló ṣe.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Jẹ́ kí n gbẹ́nu lé e.

O rántí pé ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ kú. O wà ní yunifásítì, ìdánwò lò ń ṣe. Jíìpù kọ́sítọ́mà kan wà lọ́wọ́ mi níbí, súéèdì aláwọ̀ mílíìkì ni gbogbo ìjókòó rẹ̀, àwọ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni pa àṣírí mọ́. Mo ti tọ́jú rẹ̀ tán. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìyá rẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé oúnjẹ fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bá mi jẹ díẹ̀. Ó ní orí ti ń fọ́ òun láti ìdájí. Mo ní kó lo oògùn. Nígbà tó dìde láti kó àwo, mo rí i tó di ògiri mú. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ọwọ́ òsì mi ń wúwo." Ẹ̀rù bà mí. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí takisí. Mo bá gbé e sí ẹ̀yìn jíìpù onítọ̀hún, a kọjú sí ilé ìwòsàn kan lápá Èbúté Mẹ́ta. Mo gba ọ̀nà Ìjọra.

Ọ̀nà là, Fúnmi. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ìwà ojo mi má tún gbé e mì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ọ̀nà là gbalaja.

Bí a ṣe yọ sábẹ́ afárá Ìjọra, ìyá rẹ bì. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ elépo, sórí ìjókòó yẹn. Ojú tì í. Obìnrin tí ikú ń wò lójú, ìjókòó ló ń tì í lójú! Ó ní, "Yéè, mọ́tò onímọ́tò! Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu nù ún. Mo wo dígí, mo rí i, mo sì pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Fi í sílẹ̀! Má ra á! Ò ń ra á wọlé!"

Ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyá rẹ gbọ́ lẹ́nu mi láyé nìyẹn. Mi ò pe oríkì rẹ̀. Mi ò ní "pẹ̀lẹ́." Má ra á ni mo sọ.

Mo páàkì. Mo gbé àpótí iṣẹ́ mi tó ṣì wà ní búùtù sọ̀. Mo fi ṣíbí ha á, mo fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, mo da páúdà sí i, mo sì dúró kí páúdà jókòó. Mi ò wo aago. Irọ́ tún nìyẹn: mo wò ó. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí epo yìí bá gbẹ, kí ni mo máa wí fún onímọ́tò, mọ́tò tí kò mọ̀ pé mo gbé jáde? Mo ní lọ́kàn mi pé ogún ìṣẹ́jú ò lè pa èèyàn. Mo wo ìyá rẹ, ó ti gbórí lé fèrèsé, mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Mo tiẹ̀ dúpẹ́, Ọlọ́run gbọ́, mo dúpẹ́ pé ó sùn kí n lè ráyè gbọn páúdà náà dáadáa.

Dókítà tó gbà á lọ́wọ́ mi ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ló dá yín dúró? Ká ní ẹ tètè dé ni..." Mo ní, "Gósìlóò ni, dókítà. Ìjọra dí pa." Ní Èkó yìí, ta ló máa bi èèyàn léèrè ẹ̀rí gósìlóò? Ó mi orí. Àwọn ará ilé mi orí. Pásítọ̀ mi orí. Nígbà tí ìwọ náà fi ẹkún wọlé láti ilé ìwé, mo wo ojú rẹ, mo sì sọ ohun kan náà fún ọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ìyá rẹ ti wà ní mọ́ṣúárì, onímọ́tò dé. Ó fọwọ́ pa ìjókòó ẹ̀yìn láti òpin dé òpin. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín mà dáa o! Bíi tuntun." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Àbàwọ́n yẹn lọ, ọmọ mi. Ó lọ tán. O ò lè rí ojú ibẹ̀ láéláé. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn, mi ò sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi ti lọ, òtítọ́ ò sì lé e rárá. Ìwọ lo ń bá mi ru ẹrù irọ́ náà. Ìgbàkígbà tí a bá jọ kọjá níbẹ̀, wàá pòṣé, wàá ní, "Ìjọra ló pa ìyá mi." Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, nínú aṣọ funfun, o ní kí awakọ̀ yí gba ibòmíràn, o ò fẹ́ fi ojú kan ibẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ. Èmi tí mo jókòó tì ọ́ ni mo ní, "Gba ibòmíràn, jàre." Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn.

Mi ò rántí nọ́ńbà tí mo kà dé mọ́. Bóyá ẹ̀kẹrin nìyí. Tí ẹnikẹ́ni bá da nǹkan sínú mọ́tò rẹ, ojú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ìjókòó ò níbi tó ń lọ. Bi í pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?" Ìyá ọkọ rẹ kì í ṣe ọmọdé. Kí ló dé tí ìgò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo ohun tó wà nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ìyẹn. O ò bi í. Ọwọ́ ló wúwo fún ìyá tìrẹ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Túndé láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí mo ní kó gbé ìyá rẹ̀ lọ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní, "Dádì, kí lẹ rí?" Ó ṣe bí mo ṣe wí ṣá, ó ní wọ́n ti fún màmá ní oògùn, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bi Túndé. Kí o sì rí i pé ó ń lo oògùn náà.

Lọ bá màmá. Kúnlẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ nítorí oòrùn yẹn. Ó lè ní kò sí nǹkan kan, ìyá rẹ náà ní kí n má bínú. Àwọn ìyá wa ti gbà pé ìjókòó wa ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ, àwa la sì kọ́ wọn. Èèyàn laṣọ mi, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tọ́jú aṣọ àti awọ, mi ò gbọ́ ọ.

Ó ku ẹyọ kan. Mo rò pé tí mo bá kọ ọ́ tán, ara mi á fúyẹ́ bíi ti ọjọ́ tí mo súfèé láti Surulere padà sí Mushin. Kò fúyẹ́ rárá. Bóyá nítorí pé àga lásán ni mo ba jẹ́ nígbà yẹn. Mi ò ní kí o dárí jì mí, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí màá fi ìdáríjì ṣe. Òfin Ọ̀gá Sàlámì ni mo ń tẹ̀ lé, ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá lórí rẹ̀: ẹni tó bà á jẹ́ ló máa fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó ni ín. Ìwọ lo ni ín. Ìwọ nìkan ló bí.

Tí o bá ṣì fẹ́ kí n wá ní Sátidé, kọ "ẹ wá" ránṣẹ́ sí mi, ó tó. Tí mi ò bá gbọ́, mi ò ní pè ọ́, mi ò sì ní rán ẹnikẹ́ni sí ọ. Á yé mi.

Ṣùgbọ́n tí o bá tún ń kọjá ní Ìjọra, Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má pòṣé sí ibẹ̀ mọ́. Ọ̀nà yẹn ò ṣe ìyá rẹ ní nǹkan kan. Ó là sílẹ̀ dè wá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Èmi ni mo páàkì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.